Ibi tí Páìpù ti Fẹ̀
Mo gba fún àwọn tó ń to páìpù ní ilé iṣẹ́ ńláńlá Ìsọlọ̀, pàápàá àwọn tí kì í fojú kéré rìdúsà, ìyẹn oríkèé tó ń so páìpù tóóró mọ́ èyí tó fẹ̀. Bí páìpù íǹsì 2 bá já sínú íǹsì 4 lójijì, ìyára omi á já wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin, omi á máa yí bíríbírí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri páìpù, agbára á sì ṣòfò. Borda, ará Faransé, ti gbé ìṣirò òfò yìí jáde láti 1766. Bí omi bá ń sá mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 11 ni gíga tó yẹ kó lè gùn á fi dín. Ẹ ní kò tó nǹkan? Ẹ ka oríkèé tó wà láàárín pọ́ǹpù àti táǹkì ná! Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kí páìpù fún lójijì kì í náni tó bẹ́ẹ̀. Rìdúsà gígùn tó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ló wù mí, bó tilẹ̀ wọ́n.