Àánú àti Làákàyè nínú Ìdájọ́ Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Nínú òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ará ìlú méjìlá, tí wọ́n ń pè ní júrì, ni a máa ń kó jọ láti sọ bóyá ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀ràn ńlá kàn jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. A máa ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí àánú tàbí ìbínú darí wọn, ẹ̀rí nìkan ni kí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Kò sí júrì mọ́ ní ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ipò júrì ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi òǹwòran sí nínú eré onítàn rẹ̀, Ẹfúnṣetán Aníwúrà (1970), àti pé apá kan ẹjọ́ náà ni ó gbé ka iwájú wọn.

Ohun tí òǹkọ̀wé gbé kalẹ̀ wọni lára. Ìyálóde pàṣẹ pé ẹrúbìnrin òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì. Wọ́n bẹ Ìyálóde títí, ó kọ̀, a sì bẹ́ ọmọ náà lórí. Láti ibẹ̀ lọ, ṣàṣà ni òǹwòran tí kò ní máa gbàdúrà kí Látòósà borí. Nígbà tí Ìyálóde gbé májèlé jẹ, a ti dá ẹjọ́ náà tán nínú ọkàn wa.

Bí a bá wo ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1874, ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ Látòósà fi kan Ìyálóde: kò bá òun lọ sí ogun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí ojú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun dé. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹrú kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Láìpẹ́, àwọn ẹrú rẹ̀ pa á lóru. Olùpẹ̀jọ́ ni ó tún jẹ́ adájọ́. Àwọn Yorùbá sì ní, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Àlébù tí a rí nínú eré náà nìyí: ẹ̀jẹ̀ Adétutù ni òǹkọ̀wé fi wẹ ọwọ́ Látòósà mọ́. Ìbínú wa sí Ìyálóde kò jẹ́ kí a bèèrè ohun tí Ààrẹ fúnra rẹ̀ ń wá.

Síbẹ̀, a kò lè sọ pé kí òǹkọ̀wé yọ àánú kúrò. Àwọn ẹ̀sùn 1874 dà bí ọ̀rọ̀ òfin tí kò ní ìbínú nínú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bèèrè ẹrú nínú wọn. Àánú ni ó mú kí ẹjọ́ Adétutù dé iwájú wa rárá. Ohun tí ó kù fún àwa òǹwòran ni kí a fi làákàyè gbọ́ ẹnu ìhà kejì kí a tó dájọ́.