'Will' Nìkan Kọ́ Ló Ń Sọ Ọ̀la

Ìlànà kan wà tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé: 'go' ni ti òní, 'went' ni ti àná, 'will go' ni ti ọ̀la. A há a sórí bíi times table, a gba máàkì, ó parí. Ìlà méjì àkọ́kọ́ ò burú. Ìkẹta yẹn ni mo fẹ́ bá jà, torí ó kọ́ wa pé 'will' ni 'yóò', 'yóò' sì ni 'will', ibi yòówù ká ti bá a pàdé.

Ẹ wo bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ àná: ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ló ń yí padà, 'walk' á di 'walked'. Kò sí irú àyípadà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀la. Ìdí nìyí tí Rodney Huddleston àti Geoffrey Pullum fi sọ nínú ìwé gírámà ńlá tí Cambridge tẹ̀ jáde lọ́dún 2002 pé Gẹ̀ẹ́sì ò ní àsìkò ọjọ́ iwájú rárá. Ẹgbẹ́ 'can' àti 'may' ni wọ́n to 'will' sí. Ńṣe ni Gẹ̀ẹ́sì ń yá ọ̀rọ̀ lò láti fi sọ ọ̀la. Láyé àtijọ́, 'will' túmọ̀ sí kéèyàn fẹ́ nǹkan, 'shall' sì túmọ̀ sí kéèyàn jẹ gbèsè tàbí kí nǹkan di dandan fún un. 'Going to' ní tirẹ̀, ara ìrìn ló ti wá. Títí dòní, tí mọ́tò bá kọ̀ tí ò ṣiṣẹ́, Òyìnbó á ní 'The car won't start', bí ẹni pé mọ́tò náà ló ní òun ò fẹ́.

Bẹ́ẹ̀ Yorùbá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ojú ọ̀run bá ṣú, tí aṣọ ṣì wà lórí okùn, kò sẹ́ni tó máa pariwo pé 'Òjò yóò rọ̀!' 'Òjò fẹ́ rọ̀' la máa ń sọ. Òjò ò ní ọkàn tó fi ń fẹ́ nǹkan, àmọ́ 'fẹ́' ló bá a mu, torí ẹ̀rí ti wà lójú sánmà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni 'It's going to rain.' Tó bá jẹ́ èrò ọkàn wa nípa ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni, a ó ní 'Mo rò pé òjò máa rọ̀', 'I think it will rain.' Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ 'fẹ́' àti 'máa' láti ilé ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà kó tó dé kíláàsì.

Ìdajì yòókù ni ti ètò. Ká ní eyín ń dun èèyàn. Tó bá ní 'I'll see a dentist', ó lè jẹ́ ìsinsìnyí ló pinnu, bí eyín ṣe ta á tán. 'I'm going to see a dentist': ó ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀, bóyá kò tíì pe ẹnikẹ́ni. 'I'm seeing the dentist tomorrow': wọ́n ti fún un lọ́jọ́ àti aago. Ti ọkọ̀ ojú irin tiẹ̀ tún yàtọ̀, 'The train leaves at six', bí ẹni ń sọ ti ojoojúmọ́. Ìdí nìyí tí 'It's raining tomorrow' fi ń dún bákan létí: ta ló bá òjò ṣàdéhùn?

Ibí ni 'I'm coming' wa ti wọlé. Èèyàn kọ ẹ̀yìn sí ẹ, ó ń jáde lọ, ó ní 'I'm coming.' Àwọn kan á rẹ́rìn-ín pé gírámà rẹ̀ bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. 'Mo ń bọ̀' ló wà lọ́kàn rẹ̀, 'ń' sì lè sọ ohun tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, bíi '-ing' ti Gẹ̀ẹ́sì. Ara 'come' ni ìṣòro wà: 'bọ̀' ní ìpadàbọ̀ nínú, 'come' ò ní in. 'I'll be right back' ni Òyìnbó máa yé.

Ṣé eré ọ̀rọ̀ lásán nìyí? Èmi tí mò ń fi sọ́fítíwíà jẹun ò rò bẹ́ẹ̀. Oníbàárà kọ̀wé lálẹ́ pé owó òun ò wọlé. Tẹ́ ẹ bá fèsì pé 'We will fix it', ìlérí ni, àmọ́ kò sọ pé ẹnikẹ́ni ti bẹ̀rẹ̀. 'We're going to fix it' sọ pé ẹ ti pinnu. 'We're releasing the fix at nine tonight' ti dá aago. Tí aago mẹ́sàn-án bá kọjá, ẹ ti jẹ gbèsè. Nígbà tí Scott Bradner kọ RFC 2119 lọ́dún 1997 fún àwọn tó ń kọ ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ó là á mọ́lẹ̀ pé 'SHALL' àti 'MUST' ò yàtọ̀, dandan ni méjèèjì. 'Will' ò tiẹ̀ sí nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó tò síbẹ̀. Tí a bá sì ń túmọ̀ áàpù sí Yorùbá, tí a fi 'yóò' rọ́pò gbogbo wọn, ẹni tó ń lò ó ló máa jìyà rẹ̀. 'Àkókò yín yóò parí' ò lé ẹnikẹ́ni. 'Àkókò yín fẹ́ parí' ló máa jẹ́ kó yára.

Mi ò sọ pé òfin tí ò ṣeé yẹ̀ ni o. Ọ̀pọ̀ ibi wà tí 'will' àti 'going to' jọ lè dúró, tí kò sẹ́ni tó máa bínú. Ẹjọ́ mi pẹ̀lú ìlànà ilé ìwé yẹn ni pé ọjọ́ nìkan ló ń wò, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lónìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń bèèrè: ṣé ẹ̀rí ni, ṣé ìpinnu ni, ṣé àdéhùn ni, àbí èrò lásán? Olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ Yorùbá, kó bẹ̀rẹ̀ látorí 'òjò fẹ́ rọ̀'. Ọmọ náà á ti lóye kó tó ṣí ìwé.