"Fún" àti "Àti" nínú Orúkọ Ìwé Ìròhìn

Ẹni tí ó bá lọ sí Aké ní Abẹ́òkúta láti wo ibi tí ìjọ C.M.S. ti tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, Kàtídírà Pétérù Mímọ́ ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí. Ilé tí àwọn oníròyìn fi orúkọ ìwé náà sọ ní ìlú yìí, ilé òde òní ni. Ohun tí ó yẹ kí irú àlejò bẹ́ẹ̀ fi ara balẹ̀ yẹ̀ wò jù lọ ni orúkọ tí ó wà ní iwájú ìwé náà: Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Àwọn tí ń yin ìwé náà sábà máa ń dúró lórí pé òun ni àkọ́kọ́, wọn kì í sì í ka orúkọ rẹ̀ tán.

Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní 1854, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Ní apá ìparí 1859 ni ìwé ìròyìn jáde, ní 120 owó ẹyọ. Ní 1860 wọ́n fi apá èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un. Iṣẹ́ òwú pẹ̀lú wà lára ohun tí ìjọ ń ṣe ní ìlú náà ní àkókò yìí, torí pé lójú àwọn aṣáájú rẹ̀, òwò òwú ni yóò pa òwò ẹrú. Ìwé kíkà, ìsìn àti òwú jọ wọ ìlú ni.

"Ìròhìn" fúnra rẹ̀ kò ta ko èrò yẹn. "Rò" àti "ìhìn" ni ó bí i, "ìhìn" yìí kan náà ni ó sì wà nínú "ìhìnrere". Bí ọmọ ilé-ìwé ìjọ ti ń ka ìhìn ti ọ̀run ni ó ń ka ìhìn ti ọjà àti ti ogun, lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. "Ará" pẹ̀lú ní ojú méjì: ará ìlú ni, ó sì tún jẹ́ bí oníwàásù ti ń pe ìjọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n "fún" ni ó tú àṣírí. Ìwé tí a ṣe fún ènìyàn ní olùfúnni, olùfúnni náà kò sì sí lára àwọn tí a dárúkọ. Àwọn ọwọ́ tí ó ń to lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lára wọn ọwọ́ àwọn ọmọ ìlú tí Townsend kọ́, ni orúkọ náà kà sí olùgbà.

"Àti" ni ó le jù. Ní àkókò náà, àwọn ará Ọ̀yọ́ ni a ń pè ní Yorùbá. Ẹ̀gbá ní orúkọ tirẹ̀. Ènìyàn méjì ni orúkọ ìwé náà kà, èdè kan ṣoṣo ni ó sì fi bá wọn sọ̀rọ̀. Èdè náà tẹ̀ sí ti Ọ̀yọ́, nítorí pé ọmọ Òṣogùn ni Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti 1843 àti ìwé gírámà rẹ̀ ti 1852 ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ẹ̀gbá ni a kọ́kọ́ dárúkọ, èdè èkejì rẹ̀ ni ó sì borí lójú ìwé. Bóyá Townsend rí i tàbí kò rí i, ìwé rẹ̀ ń so àwọn tí orúkọ rẹ̀ yà sọ́tọ̀.

Ogun kò jẹ́ kí "àti" yìí sinmi. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí Ààrẹ Ìjàyè kọ̀ láti gba Adélù ní ọba, Ìbàdàn sì gbógun tì í ní 1860. Ẹ̀gbá lọ gbè sí Ìjàyè lẹ́yìn. Ìbàdàn àti Ìjàyè, ẹ̀yà Ọ̀yọ́ ni àwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé "Yorùbá" inú orúkọ ìwé náà ń bá ara rẹ̀ jà, "Ará Ẹ̀gbá" sì wà lẹ́yìn ọ̀kan. Townsend fara mọ́ Ẹ̀gbá. David Hinderer tí ó wà ní Ìbàdàn kò fi ojú kan náà wo ogun yẹn, bẹ́ẹ̀ ìjọ kan náà ni ó rán wọn. Ìjàyè ṣubú ní 1862. Ó ṣòro láti ka orúkọ ìwé náà ní ọdún méjì yẹn kí a má bi í léèrè pé ará ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

Ìfọ́lé October 1867 lé àwọn òyìnbó ìjọ kúrò ní Abẹ́òkúta, ìwé náà sì dákẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn ń sọ ìwé ìròyìn lórúkọ ní Èkó ní àwọn ọdún 1920, "fún" kò sí níbẹ̀ mọ́. Deniga pe tirẹ̀ ní Èkó Àkéte ní 1922, orúkọ ìlú lásán, I. B. Thomas pe tirẹ̀ ní Akéde Èkó ní 1928. Akíntàn, ní 1923, ti mú Ẹlẹ́tì Ọfẹ́ jáde: etí ẹni tí ń gbọ́ ni ó fi ṣe orúkọ.