Ẹni Òrìṣà àti Àyẹ̀wò Oyún

Ní Addo, lójú ọ̀nà tí ó ti Ajah lọ sí Badore, ni ìbéèrè kan ti bá mi lójijì. Aya ọ̀rẹ́ mi kan, ẹni ogójì ọdún, ni ó gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọlẹ̀ inú rẹ̀ ní ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní Down syndrome. Ìyá ọkọ rẹ̀ yíjú sí mi: ‘Dókítà, ìwọ tí ò ń kọ́ àwọn èèyàn ní Yorùbá, kí ni à ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀?’ (Oyè dókítà tèmi kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí.) Ohun tí ó sáré wá sí mi lẹ́nu ni dìndìnrìn, alábùkù, ọmọ tí kò pé. Mo gbé wọn mì, mo ní, ‘Ẹni òrìṣà ni.’

Ibi tí àwa tí ń kọ̀wé nípa àṣà máa ń sá sí nìyẹn. A ó ní Ọbàtálá mu ẹmu yó níbi tí ó ti ń mọ ènìyàn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì, ó mọ abuké, ó mọ arọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ dá, ó fi ẹmu ṣe èèwọ̀, ó sì gba àwọn ẹni náà ní tirẹ̀. A ó wá fi ìtàn yìí gbé àánú àwọn baba wa lárugẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Ẹnu tí ó pè é ní ẹni òrìṣà náà ni ó pè é ní dìndìnrìn. Ní apá kan ilẹ̀ wa, a ti pa ìbejì rí. Ohun tí ó jinlẹ̀ nínú ìtàn náà ni ibi tí ó di ẹ̀bi rù. Kò bi ìyá ọmọ léèrè ohun tí ó jẹ tàbí ẹni tí ó ṣẹ̀. Ẹni tí ó mọ amọ̀ ni ó jẹ̀bi, òun náà ni ó sì san án.

Ìmọ̀ ìṣègùn kò tako ìtàn yìí. Ní 1959 ni Jérôme Lejeune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé krómósómù kan ni ó lé. Àṣìṣe nígbà tí ẹyin ń pín ni ó sábà máa ń fà á, kì í ṣe ìwà ìyá. Ọjọ́ orí ni ó ń mú un pọ̀ sí i, tí ó fi tó 1 nínú 100 fún ẹni ogójì ọdún. Kò dà bí fòníkú-fọ̀ladìde, tí àwọn àfẹ́sọ́nà lè tipa jẹ́notáípù mọ̀ ṣáájú ìgbéyàwó.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́. Bí a bá fẹ́ ìdánilójú, wọn a fa omi inú ilé ọmọ, ìyẹn sì lè ba oyún jẹ́, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀. Ní Denmark, láti 2004 ni ìjọba ti ń fi àyẹ̀wò lọ gbogbo aboyún. Iye irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń bí sì dín kù sí nǹkan bí ìlàjì. Ní tiwa, òfin kò ka ipò ọlẹ̀ sí ìdí tí a fi lè ṣẹ́yún. Ewu tí ó bá kan ìyá ni ó mọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é, nínú òkùnkùn ni yóò ti ṣe é.

N kò bá àyẹ̀wò jà. Nǹkan bí ìdajì irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ọkàn wọn máa ń ní àléébù. Ẹni tí ó bá tètè mọ̀ lè yan ibi tí yóò bímọ sí. Ìwé èsì yẹn ni mo bá jà. ‘Ewu pọ̀’ ni ó kọ, kò sì mẹ́nu ba ènìyàn kankan. Kò darí obìnrin náà sí Down Syndrome Foundation Nigeria, tí Rose Mordi, ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀, dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2001.

Èmi náà ńkọ́, tí mo sọ pé ẹni òrìṣà ni? Ìyá àgbà náà wò mí títí, ó ní, ‘Dókítà, kò sí abọ̀rìṣà nínú ilé yìí. Bí àwa bá kú, ta ni ó ni ín?’ N kò rí èsì kankan fọ̀ títí tí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá.