Ìyanṣẹ́lódì: Ta Ni Òṣìṣẹ́ ń Yan Lódì?

Ìyanṣẹ́lódì ni orúkọ tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò fún àìṣiṣẹ́ onígbà díẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe láti fi béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣòro tú palẹ̀: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ni ó so mọ́ àpólà-ìṣe 'yan iṣẹ́ ní odì', tí ìpajẹ sì wáyé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó gba àròjinlẹ̀.

Láwùjọ Yorùbá, ojúlùmọ̀ ni ènìyàn ń yan lódì. Ìyàwó lè yan orogún rẹ̀ lódì, ọ̀rẹ́ lè yan ọ̀rẹ́. Kò sí ẹni tí í yan àjèjì lódì. Ẹni tí ó yan ẹlòmíràn lódì kò sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀: ó ń retí kí ẹlẹ́ṣẹ̀ wá tọrọ àforíjì, tàbí kí àgbà kan bá wọn parí rẹ̀. Ní ìhà yìí, ọ̀rọ̀ náà ṣe rẹ́gí. Ó sàn ju ìdaṣẹ́sílẹ̀ lọ, èyí tí ó dún létí bí ẹrù tí wọ́n dà nù.

Àléébù rẹ̀ ni ẹni tí ó sọ di ẹlẹ́ṣẹ̀. Iṣẹ́ ni àbọ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe 'yan', bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kọ́ ni ó ṣẹ òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ ni. Òun gan-an kò sì fara hàn nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Eré ọ̀rọ̀ lásán kọ́ nìyí. Nígbà tí ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́sẹ̀ 4 ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, tí ó sì di oṣù 8, ìjọba àpapọ̀ kò san owó oṣù wọn, ó ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó. Àwọn olùkọ́ fèsì pé iṣẹ́ tí ó ti wọ́ jọ náà ni àwọn yóò padà wá ṣe. Iṣẹ́ ni ìjọba ń wò. Aáwọ̀ ni àwọn olùkọ́ ń wò. Ní ọdún 2023 ni ìjọba tó fọwọ́ sí owó oṣù 4 nínú 8.

Bí ó ṣe parí náà gba àkíyèsí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ASUU kò fòpin sí ìyanṣẹ́lódì náà. Ṣe ni ó dá a dúró, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Oníròyìn tí ó bá kọ 'fòpin sí' ti parí ìjà tí àwọn oníjà kò tíì parí. Àwọn olùkọ́ padà sí kíláàsì bí orogún méjì tí ó tún ń kí ara wọn láàárọ̀ nítorí pé ọkọ pàṣẹ.