Ilé Adìyẹ Tó Mọ Ibi Tí Ìjì Ti Ń Bọ̀

Bí ẹ bá ya ẹ̀yìnkùlé kan ní Ara, lágbègbè Ẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ọ̀gá ló kọ́ ilé adìyẹ ibẹ̀, ẹ má wo páànù orí rẹ̀. Ibi tó kọjú sí ni kí ẹ wò. Ìjì òjò tó máa ń jà ní oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, láti ìlà-oòrùn ló sábà máa ń wá. Ẹni tó mọ èyí á na ilé náà gbọọrọ láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Á fi amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù dí orí tó kọ sí ìlà-oòrùn pa, láti ilẹ̀ dé òrùlé. Ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì, ògiri kúkúrú ni, wáyà ló fi gbà á dókè. Ìjì dé, ògiri ló bá pàdé. Oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ò ráyè wọlé, atẹ́gùn sì ń la inú ilé já. Òṣùbà ni mo gbé fún ẹni tó ronú kan gbogbo èyí kó tó gbẹ́ ihò òpó àkọ́kọ́.

Wáyà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ kò ní jẹ́ kí adìyẹ jáde, ṣùgbọ́n ejò á wọlé jẹ ẹyin. Ojú kéékèèké ló dára, kí ìdí rẹ̀ sì rì wọ inú ilẹ̀ nítorí òkété.

Ẹ wá wo igi tí adìyẹ ń sùn lé. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìyẹ. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, káfíńtà tó gbọ́n ló ń fi ṣiṣẹ́. Igi tó fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 5, tí kò ní mì, ló ń yàn. Á fi àdá fá etí rẹ̀ kó má mú, kí ẹsẹ̀ ẹyẹ rí ibi tẹ̀ dáadáa, kí ìyẹ́ àyà sì lè bo ìka ẹsẹ̀ nígbà otútù. Adìyẹ ìbílẹ̀ fúyẹ́, ibi gíga kì í bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n adìyẹ Noiler, tí ilé-iṣẹ́ Amo Farm ń pa ọmọ rẹ̀ ní Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ti wọ ọ̀pọ̀ agboolé, ó sì wúwo. Tó bá ń bẹ́ sílẹ̀ láti òkè lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Igi tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ga ju orúnkún ènìyàn lọ.

Kíkọ́ ṣì ni ìyẹn. Ìtọ́jú ni mo gbà pé ó le jù, nítorí kì í parí. Nígbà òjò, ọ̀rinrin ni ọ̀tá. Eruku pákó tí wọ́n kó láti sọ́míìlì ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ kó nípọn, wọn a sì máa tú u láti ìdí. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe: á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un, á ṣí ọwọ́. Tó bá dì, ó ti tutù jù, ó di dandan kó kó o dànù kí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá tú ká, ó ṣì dára. Ìgbà òjò yìí náà ni ìjàlọ máa ń rìn lóru. Adìyẹ tó sàba kì í fẹ́ fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ 21, ìjàlọ sì lè pa á sórí rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń da eérú yí ìdí ilé ká, tí wọ́n á tún un dà lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ooru ni ọ̀tá. A máa ń ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òwe nìyẹn; ní ti ara, adìyẹ kì í làágùn. Ẹnu ló ń yà sílẹ̀ láti fi mí ooru jáde, á sì gbé apá kúrò lára. Olùtọ́jú tó bá rí i bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án oṣù kejì á wá imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ lé orí páànù, á sì gbé omi sínú ìkòkò amọ̀ níbi òjìji.

Ọyẹ́ ló ń dán ilé wò jù. Wọ́n á fi àpò bo ẹ̀gbẹ́ àríwá lálẹ́, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ lókè kí afẹ́fẹ́ má baà há, wọ́n á sì ká a sókè láàárọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àpò tó lè dá àìsàn lùkúlùkú dúró. Oògùn àjẹsára rẹ̀ kan tí à ń pè ní I-2, tí wọ́n ń ṣe nílé ìwádìí àìsàn ẹran tó wà ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau, láti kán sójú adìyẹ, fara da ooru ju ọ̀pọ̀ àwọn yòókù lọ, nítorí náà ló ṣe bá abúlé mu. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé, ẹ bá oníṣègùn ẹran sọ̀rọ̀ kí oṣù kọkànlá tó parí, kó kán an fún adìyẹ yín kí ọyẹ́ tó dé.