Ìlú àti Ọwọ́ Oníṣọ̀nà: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀

Ó ti di àṣà láàrin àwọn lámèyítọ́ láti fi orúkọ ìlú pe agbẹ́gilére, kí wọ́n sì gbà pé ìlú náà ni ó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Ète wa nínú bébà yìí ni láti fi iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀, tí ó kú ní 1938, dán èrò yìí wò.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé a kò bí Ọlọ́wẹ̀ sí Ìsẹ̀. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni, ìlú tí iṣẹ́ ọnà ti gbilẹ̀. Arínjalẹ̀ ni ó sìn ní Ìsẹ̀, láti ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ sì ti kàn dé ààfin mìíràn. Nítorí náà, ọba tí ó sìn ni 'ará Ìsẹ̀' ń tọ́ka sí, kì í ṣe orírun rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo òpó tí ó gbẹ́ sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàrin 1910 sí 1914. Ọba jókòó, ó dé adé. Olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ga jù ú lọ fíìfíì. Ẹni tí kò mọ àṣà lè sọ pé agbẹ́gi ṣi ìwọ̀n lò. Ṣùgbọ́n olorì àgbà ni í gbé adé lé ọba lórí nígbà ìwúyè. Ipò ni Ọlọ́wẹ̀ ń wọ̀n, kì í ṣe ara. Bákan náà, lára ìlẹ̀kùn ààfin yẹn, àwọn arẹrù gbé Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá síwájú Ògògà tí ó jókòó lórí ìtẹ́. Ojú ààfin ni a fi wo òyìnbó: àlejò ni.

Síbẹ̀, ogún ìbí kò ṣàlàyé ohun gbogbo. Aréògún ará Ọ̀sì náà gbẹ́ ìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àwòrán tirẹ̀ sún mọ́ ara pákó. Ti Ọlọ́wẹ̀ yọ síta gedegbe, bí ẹni tí ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo nìyẹn.

Lẹ́yìn ìpàtẹ Wembley ní 1924, ìlẹ̀kùn náà di ti British Museum. Ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Níbi tí iṣẹ́ bá ti kúrò nílé báyìí ni ọ̀rọ̀ wa ti ṣe pàtàkì jù. Bí ìlú bá gba gbogbo ìyìn, orúkọ oníṣọ̀nà yóò parẹ́. Bí a bá sì pa ìlú tì, kò sí ẹni tí yóò mọ ìdí tí olorì fi ga ju ọba lọ.